Ìgbà Tí Abẹ Bá Dákẹ́

Ohùn tí Àmúdà kọ́kọ́ rántí láyé kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀. Ohùn abẹ ni. Ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá rọra ń gbálẹ̀ tó gbẹ. Ara rẹ̀ kò yá lásìkò náà. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní nínú yàrá, ògiri amọ̀ sì wà láàárín òun àti ìta níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń fá orí àwọn ènìyàn. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Abẹ nìkan ló ń gbọ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà abẹ á dákẹ́. Ìdákẹ́ náà kì í pẹ́, kò ju ìgbà tí ènìyàn á fi mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Nígbà náà ni ẹ̀rín á bú, ẹ̀rín àwọn àgbà ọkùnrin, tí ògiri á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ̀n. Abẹ á tún bẹ̀rẹ̀.

Ó sọ fún mi pé kí òun tó lè dìde nílẹ̀ lọ́dún náà, òun ti mọ ìṣẹ́jú tí ẹ̀rín máa bú, bẹ́ẹ̀ òun kò tíì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí bàbá òun ń sọ.

Nígbà tí ó dàgbà tó láti di abẹ mú, bàbá rẹ̀ là á yé e. "Abẹ kò mọ ẹ̀fẹ̀," ni bàbá náà wí. "Bí o bá pa ènìyàn lẹ́rìn-ín nígbà tí abẹ wà lórí rẹ̀, orí á mì, ẹ̀jẹ̀ á dé. Gbé e kúrò ná. Jẹ́ kó dákẹ́. Kí o tó wá sọ èyí tó kù." Bàbá rò pé orí fífá lòun ń kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ gbọ́ ni pé ìdákẹ́ ni ìyá ẹ̀rín.

Báyìí ni Àmúdà ṣe di onígbàjámọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọba, nínú ìlú Ìwó wa. Ó jogún abẹ, ó jogún àpótí ìjókòó, ó jogún òjìji igi odán tó wà níwájú ilé. Ní ọdún tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọdún tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti fi bí ogójì ọdún fá orí. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn á ti rẹ́rìn-ín kú tán kí ó tó mọ̀ pé ọkùnrin tó ń pa òun lẹ́rìn-ín kò tíì fi eyín hàn.

Mo gbọ́ ọ nígbà kan tí ó ń fá orí Bàbá Adéyẹmọ, baálé ilé kan nínú àwọn Onítẹ̀bọmi. Ó ní: "Ilé kan wà nílùú yìí, n kò ní dárúkọ wọn. Bàbá ń kírun, ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní." Ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́. "Bí Iléyá bá ń bọ̀, ewúrẹ́ á sá lọ bá ìyá nídìí ààrò. Á ní, 'Màmá, Jésù nìkan ni.' Bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, á sá tọ bàbá lọ. Á ní, 'Sàláámù àléékùn, Bàbá.'" Ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́. "Ọdún kìíní, ó jẹ. Ọdún kejì, ó jẹ. Lọ́dún kẹta, ewúrẹ́ rí i tí bàbá àti ìyá jọ ń wo òun, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Ló bá gba ẹ̀yìnkùlé, ó di ilé àwọn abọ̀rìṣà."

Abẹ kúrò lórí. Ó dákẹ́.

"Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pọ́n ọ̀bẹ."

Bàbá Adéyẹmọ fi ọwọ́ méjèèjì gbá àpótí. "Àmúdà! O ó jẹ́ kí n tọ̀ sára síbí!"

"Bí ẹ bá tọ̀ sí i, ẹ̀yin lẹ ó fọ àpótí, sà," ni Àmúdà wí, ó sì tún gbé abẹ padà.

Láti abẹ́ odán ni òkìkí rẹ̀ ti kàn dé Olúpọ̀nnà àti Ilé-Ogbó. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, wọ́n á ránṣẹ́ sí i. Bí ọmọ kéú bá parí Kùránì tí wọ́n ń ṣe wòlímà fún un, wọ́n á ránṣẹ́ sí i. Àwọn Onítẹ̀bọmi pàápàá ń pè é síbi ìkórè wọn, lẹ́yìn tí àdúrà bá ti parí. Kì í mú ìlù dání. Kì í kọrin. Á kàn bọ́ sí àárín àwùjọ, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á dúró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Adúróṣẹ̀fẹ̀. Kò sí ẹni tí kò lè sín jẹ: ikọ́ baálẹ̀, ìrìn akọ̀wé tó ń gba owó orí, obìnrin tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ tí ojú rẹ̀ sì wà lára ẹran inú ìkòkò. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i, odídẹrẹ́ Ìwó nìyí, kò tíì tán nínú igbó."

Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á yíjú padà sọ́dọ̀ ara wọn, Àmúdà á sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Kò sí ẹni tó ń bi í ní ọ̀rọ̀ gidi. Bí ó bá ní orí ń fọ́ òun, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Adùnọlá ìyàwó rẹ̀ kú, ó sọ fún obìnrin kan tó wá kí i pé ilé náà ti fẹ̀ ju òun lọ. Obìnrin náà fi gèlè bo ẹnu. Àmúdà rí èjìká rẹ̀ tó ń mì, ó sì mọ̀ pé ẹkún kọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Mùrí ni, awunṣọ òfì kan ní Mọ́lété, àdúgbò kan nínú Ìwó níbí. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń rìn. Akólòlò ni Mùrí. Ọ̀rọ̀ á há sí i lọ́nà ọ̀fun, ojú rẹ̀ á pọ́n, ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ á sì bá a parí rẹ̀, èyí tó máa ń bí i nínú ju kí wọ́n gbá a létí lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó sídìí òfì tó ń kọrin, ọ̀rọ̀ á máa ṣàn bí omi. Gbogbo òwúrọ̀ Jímọ̀, kí wọ́n tó lọ kírun, Mùrí á wá sábẹ́ odán. Àmúdà á fá orí Mùrí. Lẹ́yìn náà Mùrí á gba abẹ, á fá orí Àmúdà, nítorí abẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọwọ́ Mùrí fúyẹ́, ọwọ́ ẹni tó ń fi okùn òwú ṣiṣẹ́. Ó máa ń pẹ́ kó tó rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀. Ó lè gbọ́ ọ lónìí, kó di Jímọ̀ tó ń bọ̀ kó tó bú sẹ́rìn-ín, Àmúdà á ní, "Ó ti dé o. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá."

Nínú gbogbo ènìyàn tí Àmúdà ń sín jẹ, kò sín Mùrí jẹ rí. Àwọn kan bẹ̀ ẹ́ títí. "Ẹ ṣe Mùrí fún wa díẹ̀." Ìdáhùn kan náà ló máa ń fún wọn: "A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á."

Ọmọbìnrin mẹ́ta ni Mùrí bí. Nígbà tí wọ́n so yìgì àkọ́bí àti ìkejì, Ààfáà bi bàbá ìyàwó bóyá ó yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀, Dúró àbúrò Mùrí ló sì dáhùn nípò rẹ̀ nígbà méjèèjì. Àbíkẹ́yìn ló kù, Ṣẹ̀fíátù. Orúkọ yẹn le jù fún un. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ ni bàbá rẹ̀ ti ń pè é ní Àníkẹ́, oríkì rẹ̀, torí pé Ṣẹ̀fíátù kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, bí orí rẹ̀ ṣe wà ní ààbọ̀, Mùrí ní, "À-À-Àmúdà. Yìgì Àníkẹ́ ku oṣù méjì. Èmi ni mo f-f-fẹ́ sọ ọ́."

Àmúdà gbé abẹ kúrò. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá a parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Wàá sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: *Mo fi Ṣẹ̀fíátù ọmọ mi fún ọmọ yín ní aya.* Ṣùgbọ́n ibi méjì ló ti ń há, ní "fi" àti ní orúkọ ọmọ. Kí Àmúdà lè mọ bí ó ṣe ń há, àfi kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ há a. Ó ṣe é ní kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, lójoojúmọ́, títí ó fi mọ ibi tí ètè ti ń lẹ̀ mọ́ eyín àti ibi tí èémí ti ń tán. Nígbà tí ó mọ̀ ọ́n tán ló tó mọ ohun tó lè sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Àṣìṣe rẹ ni pé o máa ń sáré," ni ó wí. "Ẹ̀rù ìdákẹ́ ń bà ọ́. O rò pé bí o bá dákẹ́, wọ́n á já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ. Má sáré. Bí Ààfáà bá bi ọ́ tán, dúró."

"D-Dúró wà lóko," ni Mùrí wí.

Ìgbà yẹn ni Àmúdà rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ìgbà tí ẹnikẹ́ni rí i kó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí! Mi ò pe àbúrò rẹ. Mo ní kí ìwọ dúró. Jẹ́ kí ìdákẹ́ kún. Mí lẹ́ẹ̀kan, mí lẹ́ẹ̀kejì, mí lẹ́ẹ̀kẹta. Bí gbogbo wọn bá ti ń retí rẹ, ìwọ lo ni agbo náà. Wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọrin nídìí òfì."

Jímọ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní ìkẹfà, Mùrí sọ ọ́ láìkọsẹ̀. Ní ìkẹjọ, ó sọ ọ́ nígbà mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, ó sì dìde lórí àpótí, ó wo ojú pópó bí ẹni tó ń wá ẹni tí òun á tún sọ ọ́ fún. "Ṣẹ̀fíátù," ó tún wí, jẹ́jẹ́. "Ṣẹ̀fíátù."

Ọjọ́ yìgì pé. Wọ́n tẹ́ ẹní sí iwájú ilé Mùrí, àwọn ẹbí ọkọ jókòó ní apá kan, ẹbí ìyàwó ní apá kejì. Mùrí wọ òfì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wun. Orí rẹ̀ ń dán. Àmúdà ló fá a láàárọ̀. Àmúdà gan-an jókòó tì í ní ọwọ́ ọ̀tún, eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ààfáà Rájí ka Kùránì, ó gbàdúrà, ó bi ọkọ, ọkọ dáhùn. Ó wá yíjú sí Mùrí. "Àlàájì, bàbá ìyàwó," ó fi ṣàwàdà, nítorí Mùrí kò tíì lọ sí Mẹ́kà, "ṣé ẹ yọ̀ǹda ọmọ yín fún ọmọ wa?"

Dúró ti ń gbéra. Mùrí gbọ́wọ́ sókè sí i pé kó jókòó.

Lẹ́yìn náà, Mùrí dákẹ́.

Àwùjọ dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà nídìí ìkòkò ní ẹ̀yìn ilé dákẹ́. Mùrí mí lẹ́ẹ̀kan. Àmúdà gbọ́ ọ. Ó mí lẹ́ẹ̀kejì. Ní ogójì ọdún, kò tíì sí ìdákẹ́ kan tó kọjá ibẹ̀ yẹn kí ohùn Àmúdà tó dé inú rẹ̀. Níbi tí abẹ bá ti dákẹ́, ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kù wà. Kò rò ó. Ó búra fún mi pé òun kò rò ó. Ó kàn gbọ́ ohùn kan tó ní, "Mo f-f-f-fi Ṣ-Ṣ-Ṣ..." Ohùn Mùrí ni, pẹ̀lú èémí rẹ̀, pẹ̀lú bí ètè ṣe ń lẹ̀ mọ́ eyín, ó pé pérépéré, kò ku ìkankan. Ẹnu Àmúdà ni ó sì ti ń jáde.

Ẹ̀rín bú. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kò tíì bú rí ní Mọ́lété. Àwọn ẹbí ọkọ rò pé Mùrí àti Àmúdà ni wọ́n jọ gbìmọ̀ rẹ̀. "Àmúdà, o ò ní pa wá!" "Mùrí gan-an ni, àbí kí ni!" Ààfáà Rájí fi áńkáṣíìfù bo ojú. Ìyàwó fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòrí.

Àmúdà yíjú. Ẹnu Mùrí ti yà sílẹ̀. Ètè rẹ̀ ti pàdé ní "Mo" kí ó tó yà, èémí kẹta ti wọlé, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ìdákẹ́ tó ku díẹ̀ kó kún, Àmúdà ló kọ́ ọ pé kó jẹ́ kó kún, Àmúdà náà ló sì dà á nù.

Mùrí pa ẹnu dé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí òfì náà. Lẹ́yìn tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Dúró dìde, ó sì sọ ọ́ nípò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ohùn tó já gaara. Wọ́n so yìgì. Wọ́n jẹun. Títí dé alẹ́, àwọn ènìyàn ń na ọwọ́ sí Àmúdà pé òun ló mú ọjọ́ náà dùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ bẹ Mùrí. Ó bá a nídìí òfì nínú àgbàlá. Mùrí ń kọrin kí Àmúdà tó yọ ní igun ilé; nígbà tí ó yọ, orin dúró. Àmúdà sún mọ́ ọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, nínú erùpẹ̀ tí wọ́n da omi ìfọwọ́ àná sí.

Àwọn obìnrin ń fọ ìkòkò. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ rí i. "Bàbá Onígbàjámọ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀!" Fàtímọ̀, ìyàwó Mùrí, ju kànrìnkàn sílẹ̀, ó di ìhà mú. "Ẹ dìde jàre, Bàbá Onígbàjámọ̀. Àná kò ì tíì tó yín?"

"Mo wá bẹ̀bẹ̀ ni," ni Àmúdà wí látilẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Mo ṣẹ ọkọ yín. Mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, obìnrin kan sì ní, "Ẹ wo bó ṣe fa ojú ro! Ọkùnrin yìí á pa ènìyàn lọ́jọ́ kan." Bí ó ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó ni ẹ̀rín ń le sí i, bí ẹ̀rín sì ṣe ń le ni orí Mùrí ń tẹ̀ sórí òwú. Mùrí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Mùrí wá sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ gan-an. Ó há ní ìbẹ̀rẹ̀, ó há ní àárín. Fàtímọ̀ fẹ́ bá a parí rẹ̀, Àmúdà sì gbé ọwọ́ sókè látilẹ̀, pé kó jẹ́ kí ó sọ ọ́. Ó dúró tì í, èémí kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, títí ọ̀rọ̀ náà fi jáde tán.

"Mo... mo t-t-ti fẹ́ s-sọ ọ́."

Ó gbé ọ̀kọ̀ òfì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí wun. Kò kọrin.

Jímọ̀ dé, Mùrí kò wá. Jímọ̀ kejì, kò wá. Àmúdà gbọ́ pé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ kan lọ́nà Ilé-Ogbó ni ó ti ń fá orí báyìí, tó ń fẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà yẹn.

Wọ́n pè é sí wòlímà kan ní Olúpọ̀nnà ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó dúró ní àárín, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó sọ ìtàn ewúrẹ́ títí ó fi dé ilé àwọn abọ̀rìṣà. Ó dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ náà, ó rí ẹnu Mùrí tó yà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù kò jáde. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn wò ó. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, òmíràn gbè é, kó tó pẹ́ gbogbo agbo ti ń fi ọwọ́ nu omijé, nítorí wọ́n gbà pé dídúró náà ni ẹ̀fẹ̀. Àmúdà jókòó. Wọ́n sọ fún un pé kò tíì ṣe é dáa tó báyìí rí. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni mọ́.

Irun rẹ̀ hù. Ó hù títí dé etí, funfun àti dúdú, àwọn tó ń jókòó sórí àpótí sì rí ẹ̀fẹ̀ tuntun. "Onígbàjámọ̀ tó ń tọ́jú igbó!" "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín wá ẹni tí yóò fá a." Kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá gbọ́ ẹsẹ̀ ní òwúrọ̀ Jímọ̀, á gbójú sókè, á rí i pé ẹlòmíràn ni, á sì nu àpótí fún un.

Òwúrọ̀ Jímọ̀ kan ni ó gbé dígí kékeré ti ìdí igi odán. Kò tíì sí oníbàárà. Ó bu omi sínú igbá, ó fi ọṣẹ dúdú pa orí, ó pọ́n abẹ lórí awọ, ó jókòó sórí àpótí tí kì í jókòó lé bí kò ṣe nígbà tí Mùrí bá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, níbi tí ojú rẹ̀ lè rí. Ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́. Nígbà tí ó dé àtàrí, dígí kò wúlò mọ́. Ó gbé abẹ kúrò.

Ó dákẹ́. Ó jẹ́ kí ìdákẹ́ náà kún. Ó mí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì sí ohun tó ti inú rẹ̀ jáde, yálà ọ̀rọ̀ tàbí ẹ̀rín. Ẹyẹ kan fò nínú odán. Ó tún gbé abẹ, ó fi ọwọ́ òsì wá ọ̀nà ní ìpàkọ́, ó ń fá a ní fífọwọ́bà, díẹ̀díẹ̀, ó ń fọ abẹ nínú igbá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀kan. Ó fi ọwọ́ pa orí. Ìṣù irun kékeré kan kù lẹ́yìn etí ọ̀tún. Ó mú un kúrò. Ó nu abẹ, ó fi aṣọ wé e, ó da omi igbá sí gbòǹgbò igi.

Irun ti fọ́n yí àpótí ká. Ó mú ìgbálẹ̀ lára ògiri, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbá a jọ lórí ilẹ̀ tó gbẹ, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, títí gbogbo rẹ̀ fi di òkìtì kan. Ó kó o sínú agbọ̀n tó ti já, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ó dà á nù. Nígbà tí ó padà, ó gbá ojú ibi tí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀, ó sì gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri.